Gíláàsì kan kò tó: bí a ṣe ń lé kòkòrò àrùn kúrò nínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akérò

Ẹ lọ sí gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn láàárọ̀, ẹ ó rí kọ́ńdọ́ tó ń fi Dettol nu ìjókòó, tó ń fọ́n lọ́fíńdà sí gbogbo kọ̀rọ̀ ọkọ̀, tó tún ń da sànítáísà sí èrò lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kété tí ọkọ̀ bá kún, ilẹ̀kùn á dé, gíláàsì á gòkè, AC á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, èèyàn 15 á sì máa mí èémí ara wọn títí wọn ó fi dé Ọjọ́ta. Bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ lẹ́yìn, kí ni Dettol tó wà lórí ìjókòó fẹ́ ṣe fún un? Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Ikọ́ ife, èéyi, COVID àti ọ̀fìnkìn, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn ń gbà ran èèyàn. Ẹ̀kán itọ́ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń gbé wọn, wọ́n sì ń léfòó bí èéfín sìgá. Bí a ṣe ń lé èéfín jáde nínú yàrá náà la ó ṣe lé wọn jáde nínú ọkọ̀: kí afẹ́fẹ́ tuntun rí ọ̀nà wọlé, kí èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún dẹ́rẹ́bà, kọ́ńdọ́ àti ẹni tó ni ọkọ̀. Èrò náà ní ipa tirẹ̀, pàápàá ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọkọ̀ tí ó kéré tán gíláàsì mẹ́rin rẹ̀ ń ṣí: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ní ọ̀tún àti ní òsì
- Búrọ́ọ̀ṣì kékeré, omi ọṣẹ, àkísà gbígbẹ àti àbẹ́là kan
- Tíṣù àti sẹ́lótéèpù
- Ìbòmú gidi tí wọ́n kọ N95, KN95 tàbí FFP2 sí lára
- Àpò oníwèé márùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì
- Ọsàn kan (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí iṣẹ́ tó ń ṣe)
- Bí owó bá wà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn CO2, gáàsì tí a máa ń mí síta. Kò pọn dandan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dán gbogbo gíláàsì wò nígbà tí ọkọ̀ ṣì ṣófo

Ẹ ṣe é kí èrò àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ẹ ṣí gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un tì. Nínú Hiace tó pọ̀ lójú títì wa, méjì iwájú ló ń lọ sókè-sódò. Ti ẹ̀gbẹ́ èrò, títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tì í, òmíràn kì í sì í ṣí rárá, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ mọ èyí tó ń ṣí, kí ẹ má baà máa bá èyí tí kò lè ṣí jìjàkadì lójú ọ̀nà.

Èyí tó bá há, eruku ọyẹ́ àti iyanrìn ló sábà máa ń dí ojú irin tó ń rìn lé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ ojú irin náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi àbẹ́là ra á lọ ra á bọ̀. Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì sí i o. Eruku á lẹ̀ mọ́ epo, kò ní pẹ́ tí yóò tún há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Àwọn dẹ́rẹ́bà kan máa ń yọ ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó wọn kí èrò má baà máa fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn á lẹ tíńtì kọjá ojú ibi tó yẹ kó ṣí, tàbí kí wọ́n to ẹrù dí gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ dá ọwọ́ gíláàsì padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ sì to ẹrù tó bá ga sí ibi tí gíláàsì kì í ti í ṣí.

*Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe é:* Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ kan ṣí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá ní láti lo agbára, ẹ padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, ẹnu ọ̀nà ìwọlé àti ẹnu ọ̀nà àbájáde

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Dẹ́rẹ́bà á ṣí gíláàsì tirẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ sójú, á sì rò pé ọkọ̀ ti ní afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ìgò tó ṣófo, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Kò ní wọlé, á kàn máa hó ni, nítorí kò ríbi gbà jáde. Bí ọkọ̀ tó ṣí gíláàsì kan ṣoṣo ṣe rí nìyẹn fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, tí gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, iwájú kọ́ ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, á rìn láàárín èrò lọ síwájú, á sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá létí gíláàsì iwájú ló ń fa ti inú ọkọ̀ jáde. Nítorí náà:

1. Ẹ ṣí gíláàsì kan lẹ́yìn, kí ẹ ṣí òmíràn níwájú ní òdìkejì rẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ apá ọ̀tún, kí ti iwájú jẹ́ apá òsì. Afẹ́fẹ́ á dábùú ọkọ̀ kọjá.
2. Bí ojú ọjọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí méjì tó kù náà. Gíláàsì mẹ́rin tó ṣí ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta sàn ju ẹyọ kan tó ṣí tán lọ.
3. Bí òjò bá dé, ẹ má ti gbogbo rẹ̀. Ẹ wo apá tí òjò ti ń wá, ẹ ti ìyẹn, kí ẹ fi fífẹ̀ ìka méjì sílẹ̀ lápá kejì, níwájú àti lẹ́yìn.

*Ìkìlọ̀ tó le:* Ẹ má fi búútù ṣe ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ pé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ̀ nígbà mìíràn, tí wọ́n á fi okùn so búútù sílẹ̀ ní ìdajì títí wọ Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fa èéfín salẹ́ńsà mọ́ra, búútù tó là sílẹ̀ á sì gbé e wọ inú ọkọ̀. Kabọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èèyàn mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí oorun òjijì ń kùn wọ́n tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀.

*Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe é:* Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òkè gíláàsì tó ṣí, láti inú. Bí ọkọ̀ bá ti wà lórí eré, ẹ ní kí kọ́ńdọ́ wò wọ́n. Ti ẹ̀yìn yẹ kó máa fì wọ inú ọkọ̀, ti iwájú á máa fà síta. Bí ti ọkọ̀ yín bá ṣe òdìkejì, kò sí wàhálà, ẹ sáà ti mọ ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Bí gbogbo tíṣù bá kàn fì kalẹ̀ jẹ́ẹ́, kò tíì sí ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tún AC tò

AC kì í pa kòkòrò àrùn, òtútù ló ń fúnni. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí bọ́tìnnì tàbí irin kékeré tí wọ́n ya mọ́tò sí. Bí ọfà bá ń yí po nínú mọ́tò náà, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Bí ọfà bá ti ìta wọ inú mọ́tò, afẹ́fẹ́ ìta ló ń gbà. Èyí tí ọfà rẹ̀ ti ìta wọlé lẹ fẹ́. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn èkejì nítorí pé ó tètè ń mú ọkọ̀ tutù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, oòrùn Ìbàdàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnì kankan.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Zhejiang ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Bọ́ọ̀sì méjì kó èèyàn lọ síbi ìjọsìn. Ìrìn-àjò náà gbà tó ìṣẹ́jú 50 ní àlọ, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ ní àbọ̀. Èèyàn 68 wà nínú ọkọ̀ kejì, ọ̀kan nínú wọn ti ní COVID láìmọ̀, AC ọkọ̀ náà sì ń yí afẹ́fẹ́ inú po. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, èèyàn 24 ló ní in nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ẹni tó gbé e wọlé. Àwọn tó jókòó jìnnà sí i pàápàá kó o. Àwọn tó wà létí gíláàsì tó ń ṣí ló bọ́, àyàfi ẹnì kan tó jókòó ti aláìsàn náà. Èèyàn 60 tó wà nínú ọkọ̀ kìíní, ẹyọ kan kò kó o.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra, ẹ ṣí gbogbo gíláàsì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru jáde. AC á ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà.
2. Ẹ tan AC, ẹ yí i sí ọfà tó ti ìta wọlé.
3. Ẹ fi gíláàsì iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan sílẹ̀ ní fífẹ̀ ìka méjì. Ẹ má yọ èyí sílẹ̀. AC kejì tó ń fẹ́ èrò láti òkè nínú irú ọkọ̀ Hiace tiwa, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló sábà máa ń yí ká, ohun yòówù kí bọ́tìnnì iwájú máa sọ.
4. Bí ọkọ̀ yín bá ní fílítà afẹ́fẹ́ (ẹ̀yìn àpótí ìwé níwájú èrò ló sábà máa ń wà), ẹ yọ ọ́ wò lóṣooṣù lásìkò ọyẹ́. Bí ó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbígbọ̀n ọ́n mọ́ táyà kọ́ ni pípààrọ̀.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Èrò kan á pariwo pé "AC ń jáde lọ!", dẹ́rẹ́bà á sì ti gbogbo gíláàsì. Ẹ ti sọ fún wọn ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí àlàyé kì í wọ etí ẹni tí ooru ń mú.

*Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe é:* Ọsàn yín dé. Kí ẹnì kan bó o ní ìjókòó ẹ̀yìn, kó sì di èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí èrò kan ti sọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kọ́ńdọ́ bọ́ sílẹ̀, kó mí sínú mí síta, kó tún wọlé. Bí òórùn ọsàn bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà kò tíì yí padà. Ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ látàárọ̀ kò lè ṣe ìdánwò yìí, imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ìgbésẹ̀ 4: Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín

Láti Ìbàfò dé Berger, ọkọ̀ lè dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 40. Nígbà náà, kò sí eré tó ń fa afẹ́fẹ́, tíṣù yín á kàn sùn. Ẹ ṣí gbogbo gíláàsì tán. Ẹ yí fáànù ọkọ̀ sí iwọ̀n tó ga jù. Bí kọ́ńdọ́ bá ní fáànù oníbátìrì, ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí èrò, ẹ kọ ojú rẹ̀ síta létí gíláàsì kan, kó máa tì afẹ́fẹ́ inú jáde kí ti ìta lè gba òdìkejì wọlé.

Bí tírélà tó ń tú èéfín dúdú bá wà níwájú yín ńkọ́? Ẹ ti gíláàsì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó kọjá, kí ẹ tún un ṣí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a máa ń gbàgbé láti tún un ṣí. Ní ti àwọn tó ń já fóònù gbà lójú gíláàsì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Kí èrò tó wà létí gíláàsì fi fóònù sápò, kí ẹ sì fi gíláàsì tó wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tó dúró nílẹ̀ sílẹ̀ ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta péré. Á ṣòro fún ọwọ́ láti wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀.

Ní gbogbo ibi tí èrò bá ti sọ̀, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ gbéra.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìbòmú, àti ẹni tó ń wúkọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìbòmú aláṣọ àti èyí tó ní àwọ̀ búlúù tó tú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣe púpọ̀ fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Èémí á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. N95 ń sẹ́ ó kéré tán ìpín 95 nínú 100 ẹ̀kán tíntìntín tó gba ara aṣọ rẹ̀, àmọ́ bí ó bá dì mọ́ ojú ni o.

1. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé e lé imú àti ẹnu, kí irin rẹ̀ wà lókè imú.
2. Okùn òkè á lọ sí àtàrí, okùn ìsàlẹ̀ á lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Wọn kò gbọdọ̀ kọjá lórí ara wọn. Ẹni tó wé gèlè, kó ti okùn bọ abẹ́ gèlè, kó má gbé e lé e lórí.
3. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ irin náà mọ́ ìrísí imú yín.

Irùngbọ̀n tó kún kò ní jẹ́ kó dì. Kò sí ọgbọ́n tí a lè ta sí ìyẹn ju kí a fá a, tàbí kí a jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

*Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe é:* Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, ẹ mí síta gidi. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí yín lójú, ẹ tún irin imú tẹ̀. Bí ó bá gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, ẹ tún okùn tò. Bí èémí bá ń mú kí dígí ojú yín ṣú, kò tíì dì.

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fọ́n sànítáísà sí i, nítorí ọtí inú rẹ̀ ń ba agbára inú aṣọ náà tó ń fa ẹ̀kán mọ́ra jẹ́. Ẹ ní márùn-ún, ẹ kọ Mọ́ńdè títí dé Fráídè sára àpò oníwèé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sinmi sínú àpò tirẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á tún fi pé. Èyí tó bá ti tutù, tó ya, tàbí tí okùn rẹ̀ dẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ní ti ẹni tó ń wúkọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde ni kó jókòó, kì í ṣe ibi tó ti ń wọlé. Bí ẹ bá fi í jókòó sẹ́yìn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ẹ ti ní kí afẹ́fẹ́ máa pín ikọ́ rẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀. Tíṣù yín ló máa sọ ibi tí ó tọ́. Kò sì yẹ kí kọ́ńdọ́ kankan bú u. Mo ti rí i tí wọ́n ń pariwo lé ìyá àgbà lórí, "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!", ní àárín ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ikọ́ yìí mà ń dà yín láàmú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbi gíláàsì iwájú yìí, ìbòmú tuntun rèé, ọ̀fẹ́ ni." Ìbòmú tí wọ́n bá fún un kò gbọdọ̀ ní ihò kékeré tó ń tú èémí síta níwájú.

Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikọ́ ife ló kàn. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ sì lè pe 3340 lọ́fẹ̀ẹ́ láti béèrè ibi tó sún mọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dín ariwo kù

Ẹni tó ń pariwo ń tú ẹ̀kán síta ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Oníwàásù tó dúró níwájú ọkọ̀, tó kọjú sí gbogbo èrò, àti olóògùn tó ń polówó àgbo jẹ̀dí, mi ò ní kí ẹ lé wọn. Ẹ ní kí wọ́n wọ ìbòmú tàbí kí wọ́n ṣe é nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ tún yí rédíò sílẹ̀: bí orin bá ń dún gooro, gbogbo ọkọ̀ á máa kígbe bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí ọkọ̀ bá dé

Kí èrò tuntun tó wọlé, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, búútù àti gíláàsì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú, búútù kò léwu.

Lẹ́yìn náà, ẹ lè nu ìjókòó. Nínù rẹ̀ dára fún ìdọ̀tí àti àrùn tí ọwọ́ ń gbé, ṣùgbọ́n kò kan afẹ́fẹ́. Àwọn ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe nìyí. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí ìsál sínú ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ wọ̀. Ẹ má po Hypo pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tú gáàsì òsóònù síta, ẹ má sì tan iná UV tó ń pa kòkòrò nígbà tí èèyàn wà nínú ọkọ̀, ó ń jó ojú àti ara. Kàfùrá àti lọ́fíńdà kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, wọ́n sì ń ba ìdánwò ọsàn yín jẹ́.

Fún ẹni tó bá ra ẹ̀rọ CO2

Èémí tí a mí síta ní CO2 púpọ̀, nítorí náà nọ́ńbà ẹ̀rọ náà ń sọ bí èémí àwọn ẹlòmíràn ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú. Ẹ gbé e síta lábẹ́ igi, ó yẹ kó kà bíi 420. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ da sànítáísà sọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ náà sún mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà bá fò sókè fáú, kì í ṣe CO2 ló ń wọ̀n, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Nínú ọkọ̀, bí ó bá wà lábẹ́ 800, ẹ ṣe dáadáa. Bí ó bá kọjá 1,500, ẹ fi kún ṣíṣí gíláàsì. Bí ó bá dé 4,200, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fà símú ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn jáde. Kò sì jìnnà o: èèyàn 15 nínú Hiace tí a tì pa, tí afẹ́fẹ́ kò rí ihò kankan gbà, lè gbé e débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn rárá.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí àárín ọkọ̀, jìnnà sí ẹnu èèyàn àti sí gíláàsì. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní gáréèjì, ní Ìbàfò àti ní Berger fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí ó bá ti ga jù ni kí ẹ padà lọ tún ṣe ní ọjọ́ kẹrin.